Kílò 57: ọ̀rọ̀ lórí òṣùwọ̀n, ẹ̀ṣẹ́ àti àwọn ọmọ wa tó tín-ín-rín

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn òbí àti olùkọ́ eré ìdárayá, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, ẹ kú ọ̀nà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan ọmọ yín, ó sì kan oúnjẹ tí ẹ ń sè fún un.

Àwa Yorùbá ní orúkọ kan fún ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́: abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Wọn ò sọ pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo bí òkúta. Wọn ò sọ pé ó ń wó bí igi ìrókò. Òjò ni wọ́n fi wé e. Òjò kì í fi ẹ̀kán kan ṣoṣo pa ilẹ̀ rin. Ẹ̀kán lórí ẹ̀kán ni, kíákíá, láìsinmi, títí omi á fi máa ṣàn. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ sọ orúkọ yẹn, ẹni kékeré tó yára lọ́wọ́ ló ń wò lọ́jọ́ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nítorí ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí Anthony Joshua ti gba góòlù Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, kò sí òbí kan ní Rẹ́mọ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣágámù ni ìdílé baba rẹ̀ ti wá, òun náà sì gbé Ìkẹ́nnẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lọ́mọdé, nílé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956. Mo wo ìjà àṣekágbá yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun àti Roberto Cammarelle ọmọ Ítálì jọ gba àmì 18 sí 18, wọ́n ní láti tún gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí àwọn adájọ́ tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kà kí wọ́n tó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Oorun ò kun ojú mi lóru ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Joshua ju kílò 91 lọ. Nítorí náà, òbí tó bí ọmọkùnrin tó ga, tó fẹ̀ láyà, ló ń mú ọmọ wá bá mi. Èyí tó tín-ín-rín, wọ́n á ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá kan mú ọmọ méjì wá lọ́jọ́ kan ní Ṣágámù. Ó ti ẹ̀gbọ́n síwájú, ó ní kí àbúrò jókòó. Mo ní èyí tó jókòó ńkọ́? Ó ní, "Kóòṣì, ẹ fi èyí sílẹ̀, ìyẹ́ lásán ni." Ọmọ náà gbọ́. Mo rí bó ṣe wolẹ̀. Mo sọ fún ìyá náà pé orúkọ ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Featherweight ni àwọn òyìnbó ń pè é, ìwọ̀n ìyẹ́ ẹyẹ, ọ̀kan nínú ìsọ̀rí tí wọ́n fi ìwọ̀n ara pín àwọn akànṣẹ́ sí. Kílò 57 ni.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn tó ti dúró lórí ìwọ̀n yìí fún yín.

Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́, Hogan Bassey, ọmọ agbègbè Calabar, featherweight ni. Paris ló ti nà Cherif Hamia, ní oṣù Òkúdu 1957. Ìjà olówó nìyẹn, ọ̀rọ̀ mi lónìí sì jẹ́ ti àwọn tí kì í jà gbowó, àwọn tí à ń pè ní amateur. Ṣùgbọ́n Bassey padà wá sílé, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó lọ ṣojú wa ní Òlíńpíìkì, nítorí náà n kò lè fò ó. Ní 1974, nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Christchurch, ní New Zealand, Eddie Ndukwu gba góòlù fún wa ní featherweight.

Lẹ́yìn náà ni Peter Konyegwachie, Los Angeles, 1984. Ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí. Nígbà yẹn, gbogbo àmì-ẹ̀yẹ tí Nàìjíríà ti mú bọ̀ láti Òlíńpíìkì ṣáájú ọdún náà kò ju méjì lọ: idẹ tí Nojim Maiyegun gbà ní Tokyo ní 1964, àti idẹ tí Isaac Ikhouria gbà ní Munich ní 1972. Ẹ̀ṣẹ́ ni méjèèjì. Fàdákà kò tíì wọ ilé wa rí, nínú eré ìdárayá kankan. Kúbà kò wá sí Los Angeles, ilẹ̀ Soviet kò wá, nítorí òṣèlú. Mo ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà wà nílé ara rẹ̀, pẹ̀lú ariwo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn akànṣẹ́ dé akoto lórí ní Òlíńpíìkì. Ọmọ tiwa ń jà, ó ń borí, ó ń jà, ó ń borí, títí ó fi kan ìjà àṣekágbá. Ta ló bá níbẹ̀? Meldrick Taylor, ọmọ Philadelphia, ọmọ ọdún 17 péré, tí ọwọ́ rẹ̀ yára ju ojú lọ. Taylor ló gba góòlù. Fàdákà ni tiwa, ìyẹn fàdákà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fojú rí, láti ọwọ́ ẹni tí ìyá kan ní Ṣágámù lè pè ní ìyẹ́ lásán.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ní Gánà, Samuel Takyi gba idẹ ní featherweight nínú Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021. Ọmọ ogún ọdún ni. Nígbà náà, ó ti tó ọdún 29 tí Gánà ti gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kẹ́yìn. Ẹ wo ọmọ náà nígbà tó wọ ríìngì, ẹ ó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni. Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn: ní Birmingham ní 2022, Elizabeth Oshoba gba fàdákà Commonwealth ní kílò 57 kan náà. Michaela Walsh ti Northern Ireland ló nà án nínú àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnìkan kún un tí kì í ṣe ti kílò 57, nítorí mo máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó jókòó. Davidson Andeh. Kílò 60. Ní Belgrade ní 1978, nínú ìdíje àgbáyé àwọn tí kì í jà gbowó, ó gba góòlù. Góòlù àgbáyé o! Mélòó nínú wa nínú gbọ̀ngàn yìí ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Ẹ na ọwọ́. Mo rí ọwọ́ mẹ́ta. Ó dùn mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí ìdíje yìí ṣe ń lọ, nítorí púpọ̀ nínú wa rò pé ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tí à ń wò ní òru Sátidé. Ẹni tó ń jà gbowó máa ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀sán tó ṣáájú ìjà. Ó lè mu omi, ó lè jẹun, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ó ti gba ọ̀pọ̀ kílò padà. Nínú ìdíje amateur, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ kèké ẹni tí yóò bá ẹni jà, ìdíje á sì lọ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì. Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá ní ìjà, o máa gun òṣùwọ̀n. Bí o bá borí lónìí tí ìjà rẹ tún wà lọ́tùn-únla, o máa tún gùn ún lọ́tùn-únla. Ẹni tó máa gba góòlù lè gùn ún nígbà 4 tàbí 5. Bí o bá fi gíráàmù díẹ̀ kọjá, o ti pàdánù láìna ẹnikẹ́ni, ẹni kejì rẹ á kàn lọ jókòó, wọ́n á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

Abala mẹ́ta ni ìjà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní abala kan. Adájọ́ márùn-ún ló ń wò ó. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka àmì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé ìwà ìrẹ́jẹ ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Seoul ní 1988, Roy Jones ọmọ Amẹ́ríkà na Park Si-hun ọmọ Kòríà lójú gbogbo ayé, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún sì fún Park. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fi wọlé ní Barcelona ní 1992. Nísinsìnyí wọ́n ti padà sí àmì 10 fún ẹni tó bá borí abala kan. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé àwọn ọmọ tó fúyẹ́ ń ju ẹ̀ṣẹ́ púpọ̀, ojú adájọ́ kò sì lè bá gbogbo rẹ̀. Èyí tó mọ́, tó bọ́ sójú, tó bọ́ sí àyà, ni wọ́n ń rí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa kò lè ju èyí tó mọ́. Ẹsẹ̀ kì í sì í dúró lábẹ́ ara tí omi ti tán nínú rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí ó nira fún mi láti sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 19, mo ń múra fún ìdíje tí wọ́n fi máa yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ wa, ní kílò 57. A kò ní òṣùwọ̀n níbi tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Òṣùwọ̀n tó wà nítòsí ni ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra kòkó. Ó fẹ̀, àpò kòkó kan jókòó sórí rẹ̀ dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti kó kòkó kúrò, màá bọ́ bàtà, màá gun orí rẹ̀. Kílò 56. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 56. Ọkàn mi balẹ̀. Mò ń jẹun bí mo ṣe fẹ́, mo tiẹ̀ ń rò pé kílò kan ṣẹ́kù fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo gun òṣùwọ̀n tòótọ́. Kílò 58 ó lé díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ tó wà níbí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òṣùwọ̀n yẹn ń jẹ kòkó. Wọ́n ti tún un ṣe kó lè máa fi kílò pamọ́ fún ẹni tó ni ín, kí àgbẹ̀ má gba iye tó tọ́ sí i. Bó ṣe ń jẹ nínú àpò kòkó ló ṣe ń jẹ nínú ara mi, ó sì ń pa irọ́ dídùn fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wọ́n fún mi ní wákàtí kan. Ẹni tó ń kọ́ mi, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe fún òun náà. Ó fi ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, wé mi láyà àti ikùn. Ó wọ súẹ́tà méjì fún mi lé e, ó ní kí n máa sá yípo pápá nínú oòrùn. Ó fi ọsàn kan sí mi lẹ́nu kí itọ́ lè yọ, ó ní kí n máa tutọ́ sínú agolo. Mo sá títí ojú mi fi ń ṣú. Nígbà tí mo padà gun òṣùwọ̀n, kílò 57 géérégé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé mo ti borí nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo jà. Ọmọ tó bá mi jà, mo ti nà án rí lẹ́ẹ̀mejì. Abala kìíní, mo gbìyànjú. Ní abala kejì, mo rí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀, mo rí i kedere, orí mi ní kí n yẹ̀ ẹ́, ara mi ò dáhùn. Bí ẹni tó wà nínú omi jíjìn. Réfàrí ló dá ìjà dúró. Lóru ọjọ́ náà, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi tí wọ́n bu obì sí. N kò lè dìde fún ọjọ́ méjì. Wọn ò tún pè mí fún ìdíje ìpínlẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kò bá mi wí. Ó jókòó létí ibùsùn mi, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ pé òṣùwọ̀n yẹn ń jẹ kòkó mi. Èmi ni kò sọ fún ọ pé ó lè jẹ ìwọ náà."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe wà níwájú yín.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ó ju ìdajì ara ènìyàn lọ tó jẹ́ omi. Ẹni tó bá ní kí ọmọ dín kílò kan kù láàárọ̀ yìí, kò lè mú ọ̀rá inú ẹran ara rẹ̀ kúrò láàárọ̀ kan. Omi ló ń fún jáde, omi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan. Tí omi tó sọnù bá ti tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara, agbára ti ń dín kù. Fún ọmọ kílò 57, kílò kan ó lé díẹ̀ nìyẹn, ìyẹn gẹ́lẹ́ ni wọ́n fún jáde lára mi. Ẹ rántí pé ọpọlọ náà wà nínú omi tó ń gbà á lọ́wọ́ ìgbájú, àti pé ẹ̀ṣẹ́ ni ọmọ yìí ń lọ gbà lórí. Ní òpin 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń jìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú láàárín oṣù méjì péré. Wọ́n wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n ń làágùn kí wọ́n lè wọ ìwọ̀n tí kì í ṣe tiwọn. Wọn ò tíì tẹ ibi ìjà kí ikú tó dé. Àwọn mìíràn ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, irú furosemide. Oògùn àwọn tó ní àìsàn ọkàn àti kíndìnrín ni, ó sì wà nínú àwọn tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré ìdárayá. Bí ẹ bá rí i nínú àpò ọmọ yín, ẹ gbà á.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí pé kí n ní kí ẹ má fún ọmọ ní gàrí mọ́. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn Ìjẹ̀bú. Gàrí wa dára, ó kan, ó kúnná, ó tutù lọ́fun. Ohun tí mo kọ̀ ni gàrí mímu lóru ọjọ́ tó ṣáájú òṣùwọ̀n, pẹ̀lú ẹ̀pà oníyọ̀. Iyọ̀ ń di omi mú nínú ara, gàrí ń wú, ọmọ á jí láàárọ̀ pẹ̀lú kílò tí kò mọ ibi tó ti wá, ẹ̀rù á bà á, á wá ọ̀rá dúdú lọ. Ẹ fún un ní oúnjẹ alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ kékeré tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, tí iyọ̀ kò pọ̀, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́. Kó mu omi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ó bá ní kílò díẹ̀ láti fi sílẹ̀ lóòótọ́, ìdajì kílò lọ́sẹ̀ kan tó, oṣù méjì ṣáájú ìdíje ni kó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ dín nǹkan kan kù, ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dán òṣùwọ̀n yín wò. Ṣágámù tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì kò jìnnà sí wa. Ẹ ra àpò kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, kílò 50 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Bí ó bá ní 48, òṣùwọ̀n náà ń jẹ kòkó. Èmi ń ṣe é ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, àwọn ọmọ sì mọ̀ pé a kì í gun òṣùwọ̀n kí sìmẹ́ńtì tó gùn ún.

Ní oṣù Èbìbí 2025, gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà wá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn fún ìdíje eré ìdárayá, bí wọ́n ti wá ní 2006. A mọ bí a ti ń gbàlejò. Ẹni tó bá ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin wa ní Ojúde Ọba mọ̀ pé Ìjẹ̀bú kì í náwó tì lórí ohun tó bá kà sí iyì. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ kan: òṣùwọ̀n tòótọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, akoto orí tí kò tíì ya, àti ìbọ̀wọ́ tí owú inú rẹ̀ kò tíì dì. Àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì tí ẹ̀ṣẹ́ fún Nàìjíríà kẹ́yìn, 1996 ni. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tó jókòó síbí ni wọn ò tíì bí nígbà náà.

Ohun tuntun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àjọ World Boxing tó ń darí ìdíje báyìí ti tún ìwọ̀n tò ní 2025. Kílò 57 ṣì wà fún àwọn obìnrin. Fún àwọn ọkùnrin àgbà, wọ́n ti yọ ọ́. 50 ni, 55, 60, 65, títí lọ. Ìwọ̀n Bassey, ìwọ̀n Konyegwachie, ọmọkùnrin kò lè jà nínú rẹ̀ mọ́ nínú ìdíje àgbáyé wọn.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 19, mo gbé e lé òṣùwọ̀n ẹja mi láàárọ̀ yìí kí n tó wá. Kílò 57 ni. Ẹ ti ní wọ́n ti pa á rẹ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní kó sọ̀kalẹ̀ sí 55, pé ibẹ̀ ló ti máa lágbára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe?"

Mo bi í bóyá òṣùwọ̀n ẹja rẹ̀ pé. Ó ní ó pé, ó ní òun kì í jẹ ẹja àwọn ènìyàn. Gbogbo gbọ̀ngàn hó.

Mo ní, "Ìyá wa, kó gòkè lọ sí 60. Ìwọ̀n Andeh nìyẹn. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà, kó jẹun, kó fo okùn, kó gbé nǹkan. Bí kò bá tiẹ̀ dé 60, tó jẹ́ 58 ni, wọ́n á gbà á síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ṣùgbọ́n bó bá fi gíráàmù kan ju 55 lọ, wọ́n á lé e, ẹni tó bá sì fún omi jáde lára rẹ̀ kó lè wọ 55, òun ló máa gbé e kúrò nínú ríìngì."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ṣé kí òun mú un wá kí n wò ó. Mo ní kó mú un wá ní Sátidé, aago méje àárọ̀, a ó wọn ọ́n lẹ́yìn sìmẹ́ńtì.

Ó ní, "Ṣé kó má jẹun kó tó wá?"

Mo ní rárá, ìyá, kó jẹun kó tó kúrò nílé.